Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Ó Lé Mẹ́ta

Irin ni ilẹ̀kùn yàrá wa ní Sabon Gari, nílùú Kano. Ọ̀dà dúdú ni onílé fi kùn ún, ojú rẹ̀ sì tẹ́jú bíi pátákó ìkọ̀wé. Ara ilẹ̀kùn yìí ni èmi àti ọmọbìnrin mi kékeré ti ń fi ṣọ́ọ̀kì pín nọ́mbà kan ṣoṣo, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọlé tọ̀ wá á gbọn apá aṣọ rẹ̀ kó tó jókòó. Nọ́mbà náà ni mo fẹ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Bí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ọmọ náà fúnra rẹ̀, mi ò ní lè parí ìwé náà.

Láti kékeré la ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Bí ìrora rẹ̀ bá dé, inú egungun ló máa ń wọ̀ sí: orúnkún, ẹ̀yìn, apá. Oògùn wà, ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó ń dúró dè é sì gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi ọkàn sí. Àwọn ìyá mìíràn máa ń kọrin fún ọmọ. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò sì lóhùn orin. Bọ́tìnnì ni mo ní, nítorí òun ni mò ń tà, pẹ̀lú sípù àti òwú, fún àwọn télọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sabon Gari.

Lọ́jọ́ kan tí orúnkún ń dà á láàmú, mo da bọ́tìnnì méjìlá sórí ibùsùn, mo ní kó tò wọ́n ní ìlà-ìlà, kí gbogbo ìlà dọ́gba. Ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó tú u, ó tò ó ní mẹ́fà-mẹ́fà. Mo fi ẹyọ kan kún un. Ó tò ó, ó tú u, ó tún un tò. Mẹ́tàlá kò gbà. Bó ṣe wù kó ṣe é, ìlà kan á kúrú.

"Mama, wannan yana da taurin kai!" ó ní. Èdè Hausa ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, bíi ti gbogbo ọmọ tí a bí sí Kano. Ó ń sọ pé olóríkunkun ni nọ́mbà yìí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe gbogbo nọ́mbà tí kò ṣe é pín dọ́gba ní olóríkunkun. Ní ilé ìwé gírámà, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi kọ́ mi. Mi ò lò ó mọ́.

Bàbá rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ iná ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road, kì í fẹ́ràn bí ọmọ náà ṣe ń fi Hausa dá mi lóhùn. Ọjọ́ kan ọmọ náà pè mí láti ìdí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, "Mama, ki zo ki gani," pé kí n wá wò ó.

"Ta lò ń pè ní 'ki'?" bàbá rẹ̀ bi í. "Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni ìyá rẹ?"

"Daddy, a Hausa babu ẹ."

"Ó lè má sí 'ẹ' nínú Hausa. Nínú ilé yìí, ó wà."

"To, Daddy." Ó ronú díẹ̀. "Mama, ẹ ki zo, ẹ ki gani."

Bàbá rẹ̀ yí ojú sí ògiri kó má bàa rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Bí ó ṣe ń dàgbà ni ìrora náà ń gùn sí i, nọ́mbà tí mo ń fún un náà sì ń tóbi sí i. Bọ́tìnnì kò tó mọ́, a bọ́ sídìí ṣọ́ọ̀kì. Mo máa ń fún un ní nọ́mbà bíi ẹgbẹ̀rún méjì ó lé ní ogún, kó wá gbogbo ohun tó lè pín in. Ó tètè máa ń rí wọn. Nígbà tí yóò bá parí, ìrora ṣì wà níbẹ̀.

"Mama, wannan ya yi saurin ƙarewa," ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó ní ó ti yá jù, ó ti tán. "Give me èyí tí kò ní tán."

Mo ronú. Mo sọ fún un pé àwọn baba wa ní nọ́mbà kan tí wọ́n ń pè ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ àpò owó ẹyọ kan, ẹgbàá mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Àádọ́ta irú àpò bẹ́ẹ̀ ni mílíọ̀nù kan.

"Àpò fifty? Wa zai ɗauka?"

Ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò rù ú. Mo ní èmi ni.

Mílíọ̀nù kan fúnra rẹ̀ kò lágbára. Méjì àti márùn-ún nìkan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn ń pọ̀ sí i ni. Ó fọ́ ọ lẹ́sẹ̀ kan náà. A fi ẹyọ kan kún un. Èyí tiraka díẹ̀: méje kò pín in, mọ́kànlá kò pín in, gbogbo àwọn kéékèèké kò rí i gbé ṣe, àfi ìgbà tí a dé orí mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, ló bá wó lulẹ̀. A kò dá èyí tó lé ní méjì láàmú rárá, nítorí pé méjì ni yóò pín in. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó lé mẹ́ta ló wá kàn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn, ó fi ìlà yí i ká.

Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé olóríkunkun ni, àbí ohun kan wà tó lè pín in? Mo rántí láti ilé ìwé pé kò pọn dandan kí a dé iwájú púpọ̀. Bí nọ́mbà kan bá pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ kéré. Ẹgbẹ̀rún kan lọ́nà ẹgbẹ̀rún kan ti di mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, bí kò bá sí ohun tó pín in lábẹ́ ẹgbẹ̀rún, kò sí ohun tí yóò pín in mọ́ láé. Kò sì pọn dandan kí a dán gbogbo nọ́mbà wò. Àwọn olóríkunkun nìkan tó. Bí méjì kò bá lè pín in, mẹ́rin kò lè pín in.

A mú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti pẹ́, a kọ nọ́mbà sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí méjì dé ẹgbẹ̀rún, a sì ń fa ìlà sí àwọn tó ti wó. Ìsọ̀ mi la ti ṣe é. Mo fi mọ́kànléláàádọ́rùn-ún sílẹ̀ bí olóríkunkun. Ó wò ó, ó wò mí. "Mama, seven times thirteen." Mo fa ìlà sí i. Méjìdínláàádọ́sàn-án ló kù nígbà tí a parí. Méjìdínláàádọ́sàn-án pínpín ló wà níwájú wa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó wà ní ilé ìwé gíga, dé lópin ọ̀sẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn, ó sì yọ fóònù.

"Kí lẹ ń fi ara yín ṣe? Ìṣẹ́jú kan ni fóònù á sọ fún yín."

"Abeg, no tell us o!" Àbúrò rẹ̀ fò dìde lórí ibùsùn. "Idan kika faɗa, ba zan sake yi miki magana ba!"

"Ó ní òun kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ bí mo bá sọ ọ́. Mummy, ṣé ẹ gbọ́? Nítorí nọ́mbà!"

"Fi fóònù rẹ pamọ́," ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n tẹ fóònù síbẹ̀síbẹ̀, ó wo ohun tó gbé jáde, ó fi í pamọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀. Kò sọ fún wa.

Bí a ṣe ń pín in ni pé èmi á kọ ìlà kan, òun á kọ èkejì. A ṣàdéhùn pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́dọ̀ dá nìkan lọ síwájú. Ìgbà tí ara bá ń ro ó nìkan la máa ń ṣe é, nítorí náà nígbà mìíràn, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ á kọjá tí a kò fọwọ́ kàn án, inú mi á sì dùn pé a kò fọwọ́ kàn án. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé nígbà tí a fi méje pín in, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, mọ́kànlá, mẹ́rin, mẹ́tàlá, mẹ́rin. Ó ní mẹ́rin ń tẹ̀ lé wa. Ó tún yọjú nígbà tí a dé mẹ́tàdínlógójì. Mo wá jókòó ní ìsọ̀, mo wá ìdí rẹ̀ títí mo fi rí i: mílíọ̀nù kan ó dín ẹyọ kan ni gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pín láìṣẹ́kù, láti ibẹ̀ sí nọ́mbà tiwa, mẹ́rin ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó gbá ọwọ́ mi bí ọkùnrin ṣe ń gbá ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó fi mẹ́tàléláàádọ́ta pín in, ó kígbe tó fi jẹ́ pé àwọn ará yàrá kejì sáré wọlé. Mo rò pé ìrora ni.

"Saura ɗaya! Mama, saura ɗaya!"

Ó ní ó ku ẹyọ kan: méjìléláàádọ́ta ló ṣẹ́ kù. Ẹyọ kan péré ni à bá fi kún un kó lè pín. Nọ́mbà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, kò ṣubú. Ó gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá.

Bí ó ṣe ń bá èyí lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí bi mí ní orúkọ Yorùbá tí àwọn nọ́mbà ń jẹ́, ọmọ tí kì í fẹ́ fi Yorùbá béèrè omi. Ó ti rí i pé orúkọ náà ń ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Mẹ́tàdínlógójì: ogójì, yọ mẹ́ta. Ó ní Yorùbá ti pín iṣẹ́ náà dé ìdajì kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn ni mo ti wo iwájú, mo sì rí ohun kan tí mi ò sọ fún un. Olóríkunkun tó kẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà wa ni ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta. Nínú gbogbo wọn, òun ló rọrùn jù. A kò ní lo ṣọ́ọ̀kì, ẹnu lásán ni a ó fi ṣe é, orúkọ rẹ̀ nìkan la ó fi pín in. Mo fi í pamọ́ fún un bí ìyá ṣe ń fi ẹran pamọ́ sí ìdí ìkòkò. Mo ti ń wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ní ọkàn mi.

Ibi tí a dé ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ta. Òun ló pín in. Mọ́kàndínlógójì ló ṣẹ́ kù. Ó kọ ọ́, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní ó rẹ òun.

Lọ́tẹ̀ yìí, àyà ni ìrora náà wọ̀ sí. Ní ọsibítù, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí imú rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀ gígùn. Mo ní kí n mú ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀, mo bi í pé kí ló kàn lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́ta. Ó mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí mi.

"Mama. Kar ki jira ni."

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n má ṣe dúró de òun. Mo ní a ṣe àdéhùn. Ó mi orí, ó tún un sọ, ó wá fi "ẹ" sí i nítorí pé bàbá rẹ̀ dúró níbẹ̀: "Mama, ẹ má wait." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó kú.

Nínú àwa Yorùbá, òbí kì í sin ọmọ. A kì í jẹ́ kí ìyá mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n wọ aṣọ àdúrà funfun wọn, ni wọ́n lọ sin ín. Bàbá rẹ̀ náà kò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n mú mi jókòó ní ilé ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ ní Noman's Land, àwọn obìnrin yí mi ká. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n lọ. Títí di òní, mi ò béèrè.

Nígbà tí wọ́n mú mi padà délé, kò sí ohun ọmọ náà mọ́. Bàtà rẹ̀, báàgì ilé ìwé rẹ̀, ife rẹ̀ tó ní ẹnu fífọ́, wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí ojú ìyá má bàa máa bá a pàdé. Ilẹ̀kùn náà dúdú, ó ń dán. Omi ṣì wà ní ìdí rẹ̀.

Màmá Ìjọ, àgbàlagbà obìnrin tó ń gbé ní Yankaba, ló fọ̀ ọ́. Kànìnkànìn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbogbo ara ilẹ̀kùn ló kọ nǹkan sí," ó ní. "Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ọmọ mi. O ò ní rí i mọ́."

"Ẹ ṣé, mà," ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá inú fóònù rẹ̀ bóyá ó ya àwòrán ilẹ̀kùn náà rí. Ojú òun fúnra rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, òun àti ọ̀dà ètè. Nínú ọ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn èjìká rẹ̀, igun ilẹ̀kùn hàn díẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ títí ó fi rí mẹ́ta kan àti mẹ́sàn-án kan: mọ́kàndínlógójì. Ìrù mẹ́sàn-án rẹ̀ tẹ̀ sínú, bí ó ṣe máa ń kọ ọ́. Ó gbé e sún mọ́ mi.

"Mummy, ṣé kí n sọ ìdáhùn rẹ̀ fún yín báyìí?"

"Rárá."

Mo ra ṣọ́ọ̀kì tuntun. Mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé mi, mi ò gba ìṣirò kankan gbọ́ láìtún un ṣe. Télọ̀ tó bá ra bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń kà á. Ìdajì gbogbo èyí tó wà lára ilẹ̀kùn náà ni ọmọ ṣe, nínú ìrora, ẹ̀rí kankan kò sì sí mọ́. Ọwọ́ mi lọ sókè láti kọ méjì, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò kọ ọ́. Bí a bá nu ìṣirò nù, òtítọ́ rẹ̀ kò nù. Ohun tí ọmọ mi ti pín, ó ti pín in. Mo kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́sàn-án, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Mò ń ṣe ọ̀kan-ọ̀kan kí n tó lọ sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀. Bàbá wọn á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ síbi iṣẹ́. Á kàn fara balẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn kó má bàa nu ún. Nọ́mbà náà kò wó. Mo kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, mo kọjá ẹgbẹ̀rin, mo kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Nígbà tí ó wá ku ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta, mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.

Mi ò ṣe é lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣe é lọ́jọ́ kejì. Ọyẹ́ dé, eruku bo ilẹ̀kùn, mo ń rọra fẹ́ ẹ kúrò. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan bá ṣì kù, èmi àti ọmọ mi ṣì ní iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe.

Màmá Ìjọ wá kí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé tòmátì dání. Ó rí ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ohun tí mo fọ̀ nù nìyí?"

"Èyí kọ́, mà. Ti ọmọ mi ló ṣáájú èyí."

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ohun tí mi ò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí. Mo da bọ́tìnnì mẹ́tàlá sílẹ̀, mo fi hàn án. Ó tò wọ́n, ó tú wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe ṣe. Ó gbé ẹyọ tó ṣẹ́ kù sí àtẹ́lẹwọ́.

"O ò sì sọ fún mi. O ní 'ẹ ṣé'."

Mo kó àwọn bọ́tìnnì tó kù jọ. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Kí ló kù níbẹ̀?"

"Ọ̀kan ṣoṣo, mà."

"Ṣé ó le ni?"

"Òun ló rọrùn jù."

Ó wò mí. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ká aṣọ rẹ̀ sí àárín orúnkún. "Èmi náà bí ọmọ tí mi ò mọ sàréè rẹ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́. Kí ni ọmọ tìrẹ ní kí o ṣe?"

"Ó ní kí n má dúró de òun."

"Ìwọ náà sì dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Ṣe é. Mo jókòó tì ọ́."

Mi ò mú ṣọ́ọ̀kì. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ náà, díẹ̀díẹ̀, kó lè máa bá mi bọ̀. Ẹgbẹ̀rún ó dín mẹ́ta. Wá ẹnì kejì rẹ̀: ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́ta. Fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, àádọ́ta ọ̀kẹ́. Mẹ́ta tó lé àti mẹ́ta tó dín pa ara wọn, àfi mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta tí a ó yọ. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín mẹ́sàn-án. Láti ibẹ̀ sí tiwa: mẹ́sàn-án, ó tún ku mẹ́ta.

Mo dúró níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ mi ì bá ti pariwo.

"Mélòó ló ṣẹ́ kù?" Màmá Ìjọ béèrè.

"Méjìlá, mà."

"Ṣé ó pín?"

"Kò pín. Kò sí ohun tó lè pín in."

Ó na ọwọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́. Ó ní kí n fi ibi tí òun máa kọ ọ́ sí han òun. Kò mọ̀wé, mo ní láti di ọwọ́ rẹ̀ mú bí a ṣe ń di ọwọ́ ọmọdé mú. A kọ méjìlá sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ̀gbẹ́ àgbékọ́ ilẹ̀kùn, níbi tí àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù. Méjì inú rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mi ò tún un kọ.